Ojúde Ìlú Kì í Ṣe Ilẹ̀ Òfo: Ibi Tí Àwọn Ará Bantè Ti Ń Gba Afẹ́fẹ́

Ẹni tí ó bá ń ti Savalou lọ sí Djougou, tí ó sì dé Bantè ní agogo 2 ọ̀sán nínú oṣù kẹta, nígbà tí oòrùn máa ń mú jù lọ, yóò rí i pé ẹsẹ̀ ènìyàn ti dín kù lójú ọ̀nà. Páànù orí ilé ń kọ mànà. Ilẹ̀ gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọdé kò fẹ́ fi ẹsẹ̀ lásán tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n níbi tí igi máńgòrò ńlá bá wà, ènìyàn wà níbẹ̀. Àwọn àgbà jókòó sórí pákó, wọ́n ń sọ̀rọ̀. Àwọn oní-zémíjàn gbé alùpùpù wọn sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n ń dúró de èrò. Ìyálọ́mọ sọ ọmọ kalẹ̀ kúrò lẹ́yìn, ó ń fún un ní ọmú. Arìnrìn-àjò tí ọkọ̀ rẹ̀ bàjẹ́ rí ibi tí yóò sinmi sí.

Kò sí pátákó kan níbẹ̀ tí ó sọ pé ọgbà ìgbafẹ́ nìyí. Kò sí ògiri tí ó yí i ká, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ń gba owó ìwọlé. Síbẹ̀, bí àlejò bá bi wá pé níbo ni àwọn ará Bantè ti ń gba afẹ́fẹ́, irú ibẹ̀ ni a ó na ìka sí.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ọ̀rọ̀ irú àwọn ibi bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí. Ta ni ó ń lò wọ́n? Ojú wo ni oníkálukú fi ń wò wọ́n? Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé, nígbà tí ilẹ̀ ti di owó yìí, ta ni yóò dáàbò bò wọ́n?

Kí ni ó ń sọ ilẹ̀ di ọgbà ìgbafẹ́?

Bí a bá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ọgbà ìgbafẹ́, ìlú ńlá ni ọkàn ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń lọ. A máa ń rántí Kútọnu, níbi tí ère obìnrin jagunjagun tí a ń pè ní Amazone dúró sí. Ère náà ga tó mítà 30. Ọjọ́ 30 oṣù keje ọdún 2022 ni wọ́n ṣí i. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn òbí àti ọmọ wọn a máa rìn kiri ní gbàgede tí ó yí i ká, wọn a máa ya fọ́tò. A sì máa ń rántí Àjàṣẹ́, tí a tún ń pè ní Porto-Novo, níbi tí ọgbà ńlá kan wà tí orúkọ rẹ̀ ní èdè Faransé ń jẹ́ Jardin des Plantes et de la Nature, ìyẹn Ọgbà Ewéko àti Ìṣẹ̀dá. Àwọn igi àtijọ́ wà níbẹ̀, ibòòji wọn sì tutù.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ère tàbí òdòdó ni ó ń sọ ilẹ̀ di ọgbà ìgbafẹ́. Ohun mẹ́ta ni. Èkíní ni pé kí ibẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún tọmọdé tàgbà, láìsan owó. Èkejì ni pé kí ẹnikẹ́ni má lè kọ́ ilé tirẹ̀ sí i. Ẹ̀kẹta ni pé kí ènìyàn lè jókòó síbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan ń bi í pé kí ni ó wá rà, tàbí kí ni ó wá ṣe.

Bí a bá fi òṣùwọ̀n mẹ́ta yìí wo Bantè àti àwọn ìlú kékeré tí ó yí i ká, a ó rí i pé àwọn baba wa kò ṣe aláìní ọgbà ìgbafẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tó dé etí wọn. Wọ́n ní ojúde ọba. Wọ́n ní ojúde agbo ilé. Wọ́n ní ìta ọjà, oríta, àti abẹ́ igi tí a ti ń parí ìjà. Lóde òní, a ti fi pápá ilé ìwé kún un, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Kì í ṣe ilẹ̀ ni irú àwọn ibi wọ̀nyí sábà máa ń ṣe aláìní. Ìwé ni wọn kì í ní. Ẹ̀yìn ni ọ̀rọ̀ ìwé yìí yóò ti yé wa dáadáa.

Láti òwúrọ̀ di alẹ́

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ojúde kan ti wúlò tó, kí ó jókòó síbẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Yóò rí i pé ilẹ̀ kan ṣoṣo ń ṣe iṣẹ́ ilé mẹ́wàá.

Ní òwúrọ̀, àwọn ìyá tí ń ta àkàrà àti ẹ̀kọ mímu ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dé. Àwọn ọmọ ilé ìwé a yà, wọn a jẹun, wọn a sáré lọ. Ní ọ̀sán, ẹni tí oòrùn lé kúrò lóko a wá sinmi. Ní ìrọ̀lẹ́, pápá a kún fún bọ́ọ̀lù, eruku a sọ. Àwọn àgbà a gbé ọpọ́n ayò jáde. Ní alẹ́ tí òṣùpá bá yọ, ní àdúgbò tí iná kò pọ̀, àwọn ọmọdé a péjọ, wọn a máa pa àlọ́.

Iṣẹ́ oko pẹ̀lú ń bẹ níbẹ̀. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé ilẹ̀ kajú ni ilẹ̀ Bantè. Láti nǹkan bí oṣù kejì títí dé oṣù karùn-ún, àwọn ènìyàn a máa sá kajú sí oòrùn, wọn a máa wọ̀n ọ́n, wọn a sì máa di í sínú àpò. Lẹ́yìn ìkórè ọkà àti sóyà, ilẹ̀ gbígbòòrò ni a fi ń pa wọ́n. Bí a bá bó gbágùúdá tán, a nílò ibi tí a ó sá a sí. Ẹni tí agbo ilé rẹ̀ há mọ́ gádígádí, ìta ni yóò gbé ẹrù rẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ ìlú náà kò gbẹ́yìn. Níbo ni a ti ń ṣe ìgbéyàwó àti ìsìnkú tí èrò pọ̀? Níbo ni eégún ti ń jó? Níbo ni àwọn òṣìṣẹ́ ìlera máa ń dúró sí nígbà tí wọ́n bá wá fún àwọn ọmọ wa ní abẹ́rẹ́ àjẹsára? Níbo ni àwọn tí ń wá ìbò ti ń bá wa sọ̀rọ̀? Ìta gbangba ni. Ẹ wo Savalou, aládùúgbò wa. Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ, wọ́n ń ṣe ọdún iṣu níbẹ̀, àwọn ọmọ ìlú a sì máa ti ọ̀nà jíjìn wá. Bí kò bá sí ilẹ̀ tí èrò lè dúró sí, tí onílù àti oníjó lè lò, ọdún bẹ́ẹ̀ kò lè rí bí ó ti ń rí.

Ohun kan tún wà tí a kò gbọ́dọ̀ gbàgbé. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ni kò ní ilé. Abẹ́ igi ni wọ́n ń gbé pátákó ìkọ̀wé tì. Bóyá abẹ́ igi bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí ti kọ́kọ́ pe a, b, d. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ yín ni igi náà jẹ́, ó sì yẹ kí ẹ bá a wá ọ̀rẹ́ tí yóò gbà á lọ́wọ́ àáké.

Ojú kan kọ́ ni gbogbo ènìyàn fi ń wò ó

Bí gbogbo wa tilẹ̀ ń lo ojúde, ojú tí oníkálukú fi ń wò ó yàtọ̀.

Lójú àwọn àgbà, ibi ọ̀rọ̀ ni. Ẹjọ́ tí a bá dá sínú yàrá máa ń mú ìfura wá, ṣùgbọ́n èyí tí a dá lábẹ́ igi, gbogbo etí ni ó gbọ́ ọ. Nítorí náà, bí igi ìpàdé bá wó, inú wọn máa ń bàjẹ́ bí ẹni tí ó pàdánù ẹlẹ́rìí.

Lójú àwọn ọ̀dọ́, ibi eré ni. Ọmọkùnrin tí ó lo agogo kan nídìí bọ́ọ̀lù ní ìrọ̀lẹ́ kò ní ráyè jókòó sí ibi tí wọ́n ti ń mu sódabì. Eré náà sì dára fún ara. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó yẹ kí ọmọdé máa ṣe ohun tí ó mú ara gbóná fún 60 ìṣẹ́jú lójúmọ́, kí àgbàlagbà sì ṣe é fún ó kéré tán 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀. Àgbẹ̀ tí ń kọ ebè ti ṣe tirẹ̀ lóko. Ṣùgbọ́n akọ̀wé, télọ̀, onísọ́ọ̀bù àti ọmọ ilé ìwé tí wọ́n ń jókòó láti òwúrọ̀ nílò ibi tí wọn yóò ti na ara.

Lójú àwọn ìyá, ibi ààbò ni, ó sì tún jẹ́ ibi ìdààmú. Ibi ààbò ni nítorí pé ọmọ tí ó ní ojúde nítòsí ilé kò ní lọ máa ṣeré lẹ́bàá ọ̀nà ọlọ́dà, níbi tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tí ń lọ sí àríwá ti ń sáré. Ibi ìdààmú ni nítorí pé àwọn obìnrin ni wọ́n sábà máa ń gbá a, àwọn ọkùnrin a sì jókòó sí i. Bí ilẹ̀ bá ṣú, tí kò sí iná, obìnrin kò ní fọkàn balẹ̀ gba ibẹ̀ kọjá. Bí kò bá sí ilé ìtura nítòsí, ìyá tí ń ta nǹkan níbẹ̀ láti òwúrọ̀ mọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí.

Àwọn ọmọbìnrin ńkọ́? Ní ìrọ̀lẹ́ tí àwọn arákùnrin wọn bá wà lórí pápá, àwọn wà nídìí omi pípọn àti oúnjẹ sísè. Bí wọ́n bá tilẹ̀ ráyè, wọn a bá pápá pé ó ti kún. Ilẹ̀ tí a sọ pé ó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn a wá di ti ìdajì ènìyàn. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ arọ àti afọ́jú, tí kòtò àti òkúta dí ọ̀nà mọ́.

Àwọn mìíràn kò rí nǹkan kan níbẹ̀ ju ilẹ̀ òfo lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ń da pàǹtírí sí, ibẹ̀ ni ewúrẹ́ wọn ń jẹ̀. Àwọn kan a sì tún máa wò ó pé: "Ilẹ̀ tó tó yìí, a kò ṣe tà á?"

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti Bantè nìkan. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé fohùn ṣọ̀kan lórí àfojúsùn 17 fún ìdàgbàsókè. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n ṣèlérí ni pé, kí ó tó di òpin ọdún 2030, gbogbo ènìyàn yóò ní ibi ìta gbangba tí ó ní ewéko, tí kò léwu, tí ó sì rọrùn láti dé. Wọ́n dárúkọ àwọn obìnrin, ọmọdé, arúgbó àti aláàbọ̀ ara ní pàtó. Èyí fi hàn pé níbi gbogbo láyé, àwọn wọ̀nyí gan-an ni a máa ń gbàgbé.

Iṣẹ́ tí igi ń ṣe

Kí ni ìdí tí abẹ́ igi fi tutù ju abẹ́ páànù lọ? Ibòòji ni méjèèjì. Páànù máa ń gba ooru oòrùn sára, a sì tún máa tú u jáde sí orí ẹni tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Igi kò rí bẹ́ẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ ń fa omi láti inú ilẹ̀, omi náà ń gòkè dé ewé, ó sì ń jáde díẹ̀díẹ̀ bí èéfín tí ojú kò rí. Bí omi ṣe ń jáde bẹ́ẹ̀, ó ń mú ooru kúrò, gẹ́gẹ́ bí òógùn ṣe ń mú ara ènìyàn tutù, àti bí omi inú ìkòkò amọ̀ ṣe ń tutù láìsí ẹ̀rọ.

Igi tún ń ṣe iṣẹ́ mìíràn. Ó ń dá afẹ́fẹ́ dúró kí ó má ṣí páànù ilé. Ewé rẹ̀ ń gba eruku nígbà ọyẹ́. Gbòǹgbò rẹ̀ ń di ilẹ̀ mú kí àgbàrá má baà gbẹ́ ẹ. Ilẹ̀ tí a kò fi sìmẹ́ńtì bò ń mu omi òjò, kànga tí ó wà nítòsí a sì jàǹfààní rẹ̀. Ẹni tí ó gé igi ojúde kan lulẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan ti pa iṣẹ́ ọgbọ̀n ọdún run.

Àwọn igbó tí àwọn baba ńlá wa pa mọ́

Báwo ni àwọn àtijọ́ ṣe dáàbò bo ilẹ̀ tí kò ní ògiri? Èèwọ̀ ni wọ́n fi ṣe ọgbà yí i ká. Ọ̀pọ̀ ìlú wa ni ó ní igbó òrìṣà, tàbí igbó tí a sin àwọn àgbà sí. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gé igi níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́dọ̀ dá oko. Àwọn onímọ̀ tí wọ́n ka irú àwọn igbó wọ̀nyí ní òpin àwọn ọdún 1990 rí i pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3,000 ní gbogbo orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Kékeré ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n inú wọn ni a ti lè rí àwọn igi àti ewé oògùn tí kò sí lóko mọ́.

Òtítọ́ ni pé igbó òrìṣà kì í ṣe ibi tí gbogbo ènìyàn ti ń ṣeré. Ẹ̀kọ́ tí ó kọ́ wa ni a ń sọ. Ohun méjì ni ó pa á mọ́: òfin tí gbogbo ìlú mọ̀, àti olùtọ́jú tí a mọ orúkọ rẹ̀. Níbi tí ọ̀kan nínú méjèèjì bá ti sọnù, igbó a parẹ́. Nítorí pé ìbẹ̀rù èèwọ̀ ń dín kù, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ gbé àṣẹ kan jáde ní ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá ọdún 2012, tí ó fún irú àwọn igbó bẹ́ẹ̀ ní ipò lábẹ́ òfin, kí ìwé lè ran èèwọ̀ lọ́wọ́.

Ọgbà Àjàṣẹ́ tí a dárúkọ níṣàájú jẹ́ àpẹẹrẹ. Igbó òrìṣà ni ibẹ̀ nígbà kan. Ó wà lábẹ́ Migan, ìjòyè ńlá ọba. Nígbà tí àwọn Faransé gba ìjọba, wọ́n sọ apá kan rẹ̀ di ibi tí wọ́n ti ń dán irúgbìn wò. Lónìí, àwọn ọmọ ilé ìwé ń wọ ibẹ̀ láti wo igi, àwọn mìíràn sì ń wá ibòòji lọ. Ọwọ́ tí ń tọ́jú ilẹ̀ náà yí padà, ṣùgbọ́n kò sí ìgbà tí kò ní olùtọ́jú. Ìdí nìyẹn tí igi fi kù níbẹ̀.

Ní Òṣogbo, ní Nàìjíríà, igbó Ọ̀ṣun fẹ́rẹ̀ẹ́ parun ní nǹkan bí ọdún 70 sẹ́yìn, nítorí àwọn tí ń gé igi àti àwọn tí ń wá ilẹ̀ rà. Àwọn olùsìn Ọ̀ṣun àti obìnrin oníṣẹ́ ọnà kan tí ó wá láti Austria, Susanne Wenger, dìde láti gbà á là. Ní ọdún 1965, ìjọba Nàìjíríà fi òfin dáàbò bò ó. Ní ọdún 2005, àjọ UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ogún àgbáyé. Ó tó hẹ́kítà 75. Bí kì í bá ṣe ti àwọn tí wọ́n tètè sọ̀rọ̀, ilé ni ì bá gba gbogbo rẹ̀.

Ewu tí ó wà níwájú wa

Ìlú wa ń dàgbà. Ìkànìyàn ọdún 2002 fi hàn pé àwọn olùgbé kọ́múùnù Bantè lé ní 80,000. Ní ọdún 2013, wọ́n ti lé ní 100,000. Ọmọ ń pọ̀, ilé ń pọ̀. Ilẹ̀ kò pọ̀ sí i. Ilẹ̀ tí ó wà lẹ́bàá ọ̀nà ọlọ́dà, tí ẹnikẹ́ni kò bìkítà fún láyé ọjọ́un, ti di wúrà.

Nígbà tí a bá ń pín ilẹ̀ ìlú sí wẹ́wẹ́ fún ilé kíkọ́, ó yẹ kí a fi ààyè sílẹ̀ fún ọ̀nà, ilé ìwé, ilé ìwòsàn, ọjà àti ibi ìgbafẹ́. Lórí ìwé, ààyè náà máa ń wà. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìlú ni pé, lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ilẹ̀ tí a fi pa mọ́ fún gbogbo ènìyàn a di ilẹ̀ ẹnì kan. Nígbà mìíràn, a ó fi san ẹ̀san fún ẹni tí ọ̀nà gba ilẹ̀ rẹ̀. Nígbà mìíràn, a ó tà á ní ìdákẹ́jẹ́. Àwọn ará àdúgbò a jí lọ́jọ́ kan, wọn a bá bíríkì lójú pápá tí àwọn ọmọ wọn ti ń gbá bọ́ọ̀lù lánàá. Bí wọ́n bá béèrè, ìdáhùn tí wọn yóò gbọ́ ni pé ilẹ̀ òfo ni.

Òfin kò sọ bẹ́ẹ̀. Òfin ilẹ̀ ti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, tí a gbé jáde ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2013, sọ pé ilẹ̀ tí ó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn lábẹ́ ìjọba kò ṣeé tà, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé òun ti pẹ́ lórí rẹ̀ kí ó fi di tirẹ̀. Òfin ńlá ilẹ̀ wa, ti ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1990, sọ nínú abala 27 pé gbogbo ènìyàn ni ó ní ẹ̀tọ́ sí àyíká tí ó mọ́, tí ó sì dára fún ìlera. Ó tún sọ pé ojúṣe gbogbo ènìyàn ni láti dáàbò bo àyíká náà. Ẹ ṣàkíyèsí pé òfin náà fún wa ní ẹ̀tọ́, ó sì fún wa ní iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n òfin kì í dá rìn. Ojúde tí kò sí nínú ìwé kankan, tí kò ní ààlà tí a mọ̀, ó ṣòro fún òfin láti gbèjà rẹ̀.

Kí ni a lè ṣe?

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Àwọn ìgbésẹ̀ tí àdúgbò kan lè gbé, láìdúró de owó ńlá, nìwọ̀nyí.

Èkíní: ẹ ka àwọn ibi ìta gbangba yín. Ẹ rìn yí àdúgbò ká pẹ̀lú àwọn àgbà. Ẹ béèrè orúkọ ojúde kọ̀ọ̀kan, àti bí ó ṣe di ti gbogbo ènìyàn. Ẹ ṣe é nígbà tí àwọn tí ó mọ ìtàn rẹ̀ ṣì wà láyé.

Èkejì: ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ ìwé, iṣẹ́ yín nìyí. Ẹ kọ orúkọ ibẹ̀, ààlà rẹ̀ ní ọ̀tún, ní òsì, ní iwájú àti ní ẹ̀yìn, iye igi tí ó wà níbẹ̀, àti ohun tí a ń lò ó fún. Ìwé pélébé kan tí olórí abúlé àti àwọn olórí agbo ilé tí ó yí i ká fọwọ́ sí sàn ju àríyànjiyàn ogún ọdún lọ.

Ẹ̀kẹta: ẹ gbé ìwé náà lọ síbi tí ó yẹ. Òfin ọdún 2013 dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ní abúlé, ó sì dá òmíràn sílẹ̀ ní kọ́múùnù. Ẹ béèrè wọn lọ́wọ́ olórí abúlé, tàbí ní mẹ́rì, ìyẹn ilé iṣẹ́ kọ́múùnù. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi ojúde yín sí inú àwòrán ìlú, kí wọ́n sì fi ìtọ́jú rẹ̀ sí inú ètò ìdàgbàsókè kọ́múùnù. Bí ìpàdé bá sì wà lórí pípín ilẹ̀, ẹ má ṣe jókòó sílé. Ẹni tí kò sí níbẹ̀ ni a máa ń pín ìpín rẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Ẹ̀kẹrin: ẹ yan àwọn olùtọ́jú. Kí àwọn obìnrin àti àwọn ọ̀dọ́ wà nínú wọn, kì í ṣe àwọn ọkùnrin àgbà nìkan. Kí gbígbá ilẹ̀ yípo láti agbo ilé dé agbo ilé. Kí a mọ ibi tí pàǹtírí ń lọ. Bí ó bá jẹ́ pápá ni, kí a ya ọjọ́ kan tàbí méjì sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin, kí àwọn ọmọkùnrin sì bá ilé pọn omi lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀karùn-ún: ẹ gbin igi. Láti ọdún 1985 ni a ti ń ṣe ọjọ́ igi ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù kẹfà, nígbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀. Gbígbìn rọrùn. Títọ́jú ni iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ igi tí a ń gbìn lọ́jọ́ náà, níwájú àwọn èèyàn ńlá, ni ewúrẹ́ máa ń jẹ kí oṣù tó parí. Nítorí náà, kí a gbẹ́ ihò sílẹ̀ kí òjò tó dé, kí a fi ajílẹ̀ sí i, kí a fi igi tàbí ẹ̀gún ṣe ọgbà yí ọ̀gbìn ká, kí a sì máa bomi rin ín ní ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́ àti èkejì. Kí a gbin máńgòrò jìnnà sí ògiri, kí a sì fi nǹkan bí mítà 10 sí àárín igi kan àti èkejì. Igi 3 tí ó yè sàn ju 100 tí ó kú lọ. Kí a fún igi kọ̀ọ̀kan ní olùtọ́jú: ọmọ ilé ìwé kan, tàbí agbo ilé kan, tí a mọ orúkọ rẹ̀.

Ìbéèrè tí àwọn ọmọ wa yóò bi wá

Kò sí ìkankan nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí tí ó kọjá agbára àwa ará Bantè. A kò sọ pé kí a kọ́ ọgbà bíi ti Kútọnu. A kò sì sọ pé kí ẹnikẹ́ni má kọ́ ilé. Ohun tí a ń sọ ni pé ìlú tí ó jẹ́ kìkì ilé, tí kò ní ojúde, kì í ṣe ìlú mọ́. Àwọn tí ń gbé inú rẹ̀ kò ní ibi tí wọn yóò ti máa pàdé ara wọn.

Àwọn tí wọ́n gbin máńgòrò tí a ń jókòó sábẹ́ rẹ̀ lónìí kò jẹ èso rẹ̀ pẹ́. Púpọ̀ nínú wọn ti kú. Wọn kò mọ orúkọ wa, ṣùgbọ́n wọ́n fi ibòòji sílẹ̀ dè wá. Lọ́jọ́ kan, àwọn ọmọ wa yóò jáde ní agogo 2 ọ̀sán nínú oṣù kẹta, oòrùn yóò sì mú wọn. Bí wọ́n bá rí igi, wọn yóò jókòó sábẹ́ rẹ̀. Bí wọn kò bá rí i, wọn yóò béèrè lọ́wọ́ wa pé ta ni ó tà á.

Ẹ jẹ́ kí a ti wá ìdáhùn sílẹ̀ láti ìsinsìnyí. Ẹ mú gègé yín, ẹ lọ sí ojúde yín, kí ẹ sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.